Àpótí gíláàsì Bọ́lájí: bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń jókòó nínú omi tí kò jókòó

Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tún ṣe ní Láàgere, nílùú Ifẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ohun tó kan oníṣẹ́ fíríìjì nínú òkúta tó yọ́ lábẹ́ ilẹ̀, kó fara balẹ̀. Ìyàwó mi ti bi mí ṣáájú rẹ̀. Bọ́lájí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló fà mí wọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta ló ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì ń wá nǹkan tí yóò gbé síwájú kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é kó wá sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣe àpótí gíláàsì kan tí omi á máa yí po nínú ẹ̀."

"Kí lo fẹ́ rí nínú omi tó ń yí po?"

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Òkúta tó ti yọ́ lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mágímà, máa ń kóra jọ sínú ìyẹ̀wù ńláńlá. Bó bá ń tutù, hóró òkúta líle á bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú rẹ̀, bí ọ̀rá ṣe ń dì nínú ọbẹ̀ àná. Ọ̀pọ̀ nínú hóró wọ̀nyí ló wúwo ju omi òkúta tó yí wọn ká lọ. Wọ́n á rì, wọ́n á tò sísàlẹ̀ ní ìpele ìpele. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Charles Darwin dé erékùṣù Galápagos ní 1835, ó rí òkúta tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde tó ti dì, tí hóró inú rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Ní 1915, Norman Bowen yọ́ òkúta nínú ìléru ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé hóró olífáìnì, irú hóró òkúta aláwọ̀ ewé kan, rì lóòótọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé mágímà kì í dúró sójú kan. Ó ń tutù lókè, èyí tó tutù ń wálẹ̀, èyí tó gbóná ń gòkè, gbogbo rẹ̀ ń yí po. Yíyí náà sì yá ju rírì hóró lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Bí omi bá ń gbé hóró kiri lọ́nà bẹ́ẹ̀, báwo ni hóró ṣe fẹ́ dé ilẹ̀?

"Kò lè dé ilẹ̀," mo ní. "Ẹ̀wà tó ń hó, ṣé o rí i kó jókòó sísàlẹ̀ ìkòkò rí?"

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá já lé lórí, mọ́ọ̀tì tútù méjì."

Mo gbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: gíláàsì sán

Áfà tó ń gé gíláàsì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló gé e: gígùn 40 sẹ̀ǹtímítà, ìbú 15, gíga 30, gíláàsì tó nípọn tó mìlímítà 6. Mo gbé e ka orí họ́ọ̀tì pléètì, mo da omi sí i, mo tan iná. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sán láti igun dé igun. Gbogbo omi ya sórí tábìlì, ó sì ṣàn bá kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ oníbàárà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù gbẹ.

Áfà wá wò ó. "Ṣé o fẹ́ se gíláàsì jẹ ni?"

Mi ò dá a lóhùn. Gíláàsì tó gbóná lójú kan tó sì tutù lójú kejì á sán, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkánjú ló kó bá mi.

Ìsàlẹ̀ kejì, alumíníọ̀mù ni mo fi ṣe é. Mo gé e lára ògiri inú fíríìsà kan tó ti kú tipẹ́, mo ká etí rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà méjì, mo jókòó ògiri gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, mo sì fi sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bí ọtí kíkan lẹ̀ ẹ́. Wákàtí 24 ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀ pé kó fi gbẹ. Òru kan ni mo fún un. Igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ń jò títí di òní, ẹ̀kán kan láàárín bí ìṣẹ́jú méjì. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ara fíríìsà yẹn náà ni mo ti gé páànù pẹlẹbẹ tí yóò gbé yìnyín lókè, tí ìdí rẹ̀ á fara kan omi. Omi kànga wa rú díẹ̀, nítorí náà píọ̀ wọ́tà ni mo lò: báàgì kan àti ààbọ̀, ọ̀rá 30. Lítà 15 nìyẹn. Omi dé 24 sẹ̀ǹtímítà nínú àpótí, ọ̀rá kan àti díẹ̀ ṣẹ́ kù, mo mu ún.

Eruku òkúta nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ògì

Èmi rò pé a kàn máa bu iyanrìn sínú omi ni. Bọ́lájí ní rárá, iyanrìn á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò ní fún omi láyè láti gbé e kiri. Ohun tí a ń fẹ́ ni hóró tí rírì rẹ̀ lọ́ra gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíyí omi, nítorí bó ṣe rí nínú mágímà nìyẹn. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ pé gbogbo hóró fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, kí ohun tí a bá rí má baà dàrú mọ́ wa lójú.

Eruku òkúta tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ni mo lọ gbà, èyí tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Mo fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, mo wá ń wò ó pé báwo ni mo ṣe fẹ́ ya ohun tí ojú lásán ò lè rí sọ́tọ̀.

Ẹni tó bá ń ṣe ògì ti mọ ìdáhùn. O rọ omi sí i, o rò ó, o fi í sílẹ̀; ògì á jókòó, omidùn á wà lókè. Ohun tó wúwo á kọ́kọ́ jókòó. Bí o bá wo aago nígbà tí o ń da omi rẹ̀, o ti fi aago sẹ́ ẹ nìyẹn. Mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí Ìyá Kẹ́hìndé fi ń ṣe ògì tó ń tà (mo tọrọ gáfárà lẹ́yìn náà, kò tíì tán nílẹ̀). Mo da omi àti eruku sínú ti àkọ́kọ́ dé gíga 20 sẹ̀ǹtímítà, mo rò ó dáadáa, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo rọra da omi rírú rẹ̀ sínú ìkejì. Èyí tó ti jókòó sínú àkọ́kọ́ ti yá jù fún wa. Mo rò èyí tó wà nínú ìkejì, mo dúró fún ìṣẹ́jú méjìlá, mo da omi rírú rẹ̀ nù. Èyí tó kù sídìí rẹ̀ ni tiwa. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ kì í mọ́.

Hóró tó gba ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méjìlá láti rin 20 sẹ̀ǹtímítà wálẹ̀, ìrìn rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 0.28 sí 0.56 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́lájí fi òfin tí George Stokes gbé kalẹ̀ ní 1851 ṣírò bó ṣe tóbi tó: bí ìdá 16 sí 23 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Irun orí nípọn jù ú lọ ní bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Òfin náà kò le. Bí hóró bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, á yá ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí omi tó wà nínú rẹ̀ bá ki ní ìlọ́po méjì, ìrìn rẹ̀ á dín sí ìdajì. Ìyókù wà lọ́wọ́ bí òkúta ṣe wúwo ju omi náà lọ tó. Àwọn tó ń ṣan góòlù lápá Iléṣà ń fi òfin yìí jẹun lójoojúmọ́, wọn ò sì béèrè orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tó fi ọjọ́ méjì ṣòfò fún mi: eruku yìí máa ń dì mọ́ra nínú omi bí ìyẹ̀fun tí a ò rò dáadáa, èyí tó bá sì ti dì mọ́ra á yá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ mẹ́ta ló tú u ká. Ẹ má fi kún mẹ́ta, nítorí ó máa hó.

Ìgbà tí mo rò pé mo ti jẹ mọ́ọ̀tì

Áyọ́ọ̀nù kan wà lọ́wọ́ mi tí ọwọ́ rẹ̀ ti yọ́ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣì ń gbóná. Mo dojú rẹ̀ sókè sábẹ́ alumíníọ̀mù, mo yí i sí ibi tó kéré jù, mo gbé yìnyín sórí páànù òkè. Bọ́lájí kán búlúù ìfọṣọ sínú omi ká lè rí bó ṣe ń lọ. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Okùn búlúù tínínrín ń já bọ́ lábẹ́ páànù, ó ń wọ́ bí èéfín tí wọ́n dojú ẹ̀ dé.

A da eruku sí i. Omi rú bí omi àgbàrá. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá, ó ṣì rú. Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọmọ tó ń ta ohun mímu tútù ń kọjá lọ.

Bọ́lájí bẹ̀rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wò ó. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e sókè, kì í ṣe omi."

Òótọ́ ni. Omi tó bá gbóná a máa tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Róbótó afẹ́fẹ́ kéékèèké lẹ̀ mọ́ ojú alumíníọ̀mù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń já, ó ń gbéra, ó sì ń fa eruku tó ti jókòó lọ sókè pẹ̀lú ara rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń kóra jọ nísàlẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, a kàn ń jí i ni. Mo ní kò burú, ká se omi náà kó hó, ká jẹ́ kó tutù, ká tún un ṣe. A ò tíì dé ibẹ̀ tí wọ́n fi mú iná lọ.

Iná lọ

Agogo méje alẹ́ kọjá díẹ̀. Gbogbo Láàgere ṣókùnkùn, jẹnẹrétọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójú ọ̀nà. Mo ní iṣẹ́ parí fún ọjọ́ náà, áyọ́ọ̀nù ti kú, omi á dúró. Mo tan tọ́ọ̀ṣì kí n lè da omi nù.

Omi ò dúró. Okùn búlúù ṣì ń já bọ́ lábẹ́ páànù yìnyín bó ṣe ń já bọ́ tẹ́lẹ̀. Mo wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá. Ojú tì mí díẹ̀. Kí nìdí tí fíríìsà fi wà lókè nínú fíríìjì àtijọ́? Nítorí òtútù ló ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ooru ń gòkè lọ bá a, tí gbogbo inú rẹ̀ fi ń tutù láìsí fáànù kankan. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, síbẹ̀ mo gbé iná sábẹ́ omi bí ẹni tó fẹ́ se iṣu, mo gbàgbé pé yìnyín nìkan tó.

Nígbà tí mo sọ fún Bọ́lájí lọ́jọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyẹ̀wù mágímà ṣe ń pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀, láti òrùlé. Mo yọ áyọ́ọ̀nù kúrò. Mo fi fóòmù tẹ́ abẹ́ àpótí àti ẹ̀gbẹ́ méjì, mo fi iwájú àti ẹ̀yìn sílẹ̀ ká lè ríran.

Ọjọ́ Sátidé: ìgbà tó ṣeé kà

Kìlógíráàmù méjì yìnyín, omi ní 27 dígírì, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. A tan tọ́ọ̀ṣì fóònù kan lẹ́yìn àpótí, a gbé fóònù kejì tó lè ka agbára ìmọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀. Bí omi bá rú, ìmọ́lẹ̀ tó kọjá á kéré. Bó bá tòrò, á pọ̀. Pẹ̀lú omi tó mọ́, fóònù ka 820.

A kọ́kọ́ ṣe ti omi tó dúró jẹ́ẹ́, láìsí yìnyín, ká lè ní ohun tí a máa fi wé e. Òkè kọ́kọ́ tòrò, ààlà sì wà láàárín omi tó mọ́ àti omi tó rú, ààlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ títa tí wọ́n ń rọra tú. Ààlà yẹn kò mú ṣinṣin nítorí hóró wa kò dọ́gba tán. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà a gbé yìnyín lé e. A dúró kí omi kọ́kọ́ máa yí po dáadáa. Okùn búlúù rin 10 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 15, ìyẹn ni pé omi ń rìn ní bí mìlímítà méje sí mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ọ̀pọ̀ hóró wa kì í rì tó ìdajì mìlímítà. Bí ogún ìlọ́po. A da eruku sí i, a rò ó, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìbẹ̀rẹ̀, 150. Ìṣẹ́jú márùn-ún, 280. Mẹ́wàá, 410. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 530. Ogún, 620. Ọgbọ̀n, 725.

Kò sí ààlà kankan lọ́tẹ̀ yìí. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń mọ́ pọ̀, bí ojú ọjọ́ ṣe ń mọ́. Tí ẹ bá wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa ní kò sí ohun tó ń rì. Àmọ́ eruku inú omi ti dín sí bí ìdá méjì nínú márùn-ún.

Bọ́lájí yí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ padà sí iye eruku tó kù, ó sì fi biro ya á sẹ́yìn páálí. Eruku ń dín sí ìdajì láàárín bí ìṣẹ́jú méje àbọ̀, ìdajì yẹn tún ń dín sí ìdajì láàárín ìṣẹ́jú méje àbọ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí omi tó dúró ti tòrò pátápátá, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì wà nínú èyí tó ń yí. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń sá jáde. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ojú sí ibi tí gíláàsì ti pàdé alumíníọ̀mù, mo fi gíláàsì tí àwọn oníṣẹ́ aago fi ń wo nǹkan wò ó. Lókè, hóró ń fò bí eruku nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀. Omi tó ń já bọ̀ á dé ìtòsí ilẹ̀, á yà sí ẹ̀gbẹ́, á sì máa fẹsẹ̀ wọ́ lọ. Bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ ń kú, títí dé orí alumíníọ̀mù níbi tí kò ti rìn mọ́ rárá. Nínú mìlímítà díẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn, mo ń wo hóró kan: ó ń lọ sí apá ọ̀tún, ó ń lọ́ra, ó ń lọ́ra, ó kàn wálẹ̀. Kò gbéra mọ́. Omiiran tún wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ rò ó bí ọjà alẹ́ tí èrò ń rọ́ kiri inú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà jáde. Rírọ́ kiri èrò kò ti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á jáde ní ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ní ìrìn èrò. Bí èrò bá ṣe ń fọ́n ká, iye àwọn tó ń bá ara wọn lẹ́nu ọ̀nà á máa dín, ìdí nìyẹn tí ìdá kan náà fi ń jáde nígbà gbogbo, tí iye wọn ò sì dọ́gba. Ohun tí yíyí omi ṣe ni pé ó pò wọ́n pọ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ̀wà mi tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, inú omi tó ń hó ló wà, tí róbótó ń ti ìsàlẹ̀ ìkòkò gan-an jáde. Kì í ṣe ẹjọ́ kan náà.

Mo san mọ́ọ̀tì méjì. Ìgbà tó mu ìdajì ìgò ló sọ fún mi pé Daniel Martin àti Roger Nokes ti gbé ìṣirò yìí jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 1988, pẹ̀lú ìdánwò nínú àpótí bíi tiwa. Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ á já sí kó tó bá mi ta! Mo ní kó san owó ìgò kan padà. Kò tíì san án.

Láti àpótí dé abẹ́ ilẹ̀

Ìṣirò tó ṣe fún mi nìyí, mo sì tún un ṣe fúnra mi lórí fóònù. Mágímà bàsáàltì, èyí tó máa ń di òkúta dúdú, gbóná tó nǹkan bí 1,100 sí 1,200 dígírì, ó sì lè ki ju omi lọ ní ìlọ́po ẹgbàárùn-ún dé ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ká mú èyí tó wà láàárín, ìlọ́po 50,000. Hóró olífáìnì tó fẹ̀ tó mìlímítà kan á máa rì nínú rẹ̀ ní bí ìdajì mítà lóòjọ́. Bí ìyẹ̀wù náà bá jìn tó kìlómítà kan, ọdún bíi márùn-ún sí mẹ́fà ló máa gbà kí hóró dín sí ìdá tó dín díẹ̀ sí méjì nínú márùn-ún, bó tilẹ̀ ń yí po. Ìyẹ̀wù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ á sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó tutù tán. Àyè pọ̀ jù fún hóró láti dé ilẹ̀.

Ó fi àwòrán òkúta Skaergaard hàn mí, ní ìlà oòrùn Greenland, èyí tí àwọn onímọ̀ òkúta méjì, Wager àti Deer, kọ̀wé ńlá lé lórí ní 1939. Ìpele dúdú, ìpele funfun, ó tò lọ bí aṣọ òfì tí wọ́n ká. Ti Bushveld ní Gúúsù Áfíríkà tún ju ìyẹn lọ: ó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì, ó nípọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ìpele kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣàwárí ní 1924 sì ni wọ́n ti ń wa pílátínọ̀mù títí di òní.

Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí àpótí mi ti parí ẹjọ́. Bọ́lájí ò gbà fún mi. Ní Skaergaard, hóró pílájíókíléèsì, irú hóró òkúta funfun kan, fúyẹ́ ju mágímà tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ tó yí i ká lọ, ó yẹ kó léfòó ni, síbẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Nítorí náà àwọn kan ní hóró púpọ̀ kò rì rárá, ojú ilẹ̀ ìyẹ̀wù gan-an ni wọ́n ti dì, bí yìnyín ṣe ń dì mọ́ ògiri fíríìsà. Èyí yé mi jù, mo ń fi ọ̀bẹ onígi họ irú yìnyín bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó tún gba òmíràn lẹ́nu mi. Mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìlà dúdú àti funfun tó wà lára àwọn òkè òkúta inú ọgbà yunifásítì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mágímà ni. Ó ní irọ́ ni, ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló fa ìlà yẹn, lẹ́yìn tí òkúta ti dì tipẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún ó tó ènìyàn mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń ka èyí nínú wọn, ẹ má bínú.

Ìgò orí pẹpẹ

Ìbéèrè mi tó kù jẹ mọ́ gíránáìtì, irú òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Kí ló dé tí ti gíránáìtì kì í sáábà tò ní ìpele bíi ti Bushveld? Bọ́lájí ní kíki ni. Mágímà gíránáìtì lè ki ju ti bàsáàltì lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Hóró tó fẹ̀ tó mìlímítà kan lè máà rì ju mìlímítà díẹ̀ lọ nínú rẹ̀ lọ́dún.

Mi ò lè fojú inú wo ìyẹn, mo fẹ́ rí i. Mo ra glísárìn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà, èyí tó ki ju omi lọ ní bí ẹgbẹ̀rún ìlọ́po. Mo da á sínú ìgò jíjìn 10 sẹ̀ǹtímítà, mo po eruku tó kù mọ́ ọn, mo dé e pa kó má baà fa omi inú afẹ́fẹ́, mo gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn rìlé. Mo ń fi máákà fa ìlà sí ibi tí ààlà bá dé láràárọ̀. Ọjọ́ kìíní, sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ọjọ́ kejì, mẹ́ta ó kù díẹ̀. Eruku kan náà tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tòrò nínú àpótí jíjìn ju èyí lọ ní ìlọ́po méjì.

Oníbàárà kan tó wá gba fíríìjì rẹ̀ láàárọ̀ àná wo ìgò náà, ó wo ìlà máákà tó wà lára rẹ̀, ó bi mí ní ohùn ìsàlẹ̀ pé ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lò ó lóòjọ́ ni àbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìlà ọjọ́ kẹta wà ní mẹ́rin àbọ̀.